Mo ti fi áàpù Seek kọ́ kíláàsì mi nípa ẹranko àti àyíká fún sáà méjì, ohun tí mo rí rèé

Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí náà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tí màá fi kọ́ àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá sí méjìlá nípa bí a ṣe ń dáàbò bo ẹranko igbó àti ilé ayé tá a wà nínú ẹ̀ yìí, tí ò ní jẹ́ pé wọ́n kàn máa há a sórí, wọ́n á yege ìdánwò, ó parí síbẹ̀. Áàpù tó ń jẹ́ Seek, tó ń fi kámẹ́rà fóònù dá ewéko àti ẹranko mọ̀, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn iNaturalist, ìkànnì tí àwọn èèyàn ń fi fọ́tò ẹ̀dá tí wọ́n bá rí ránṣẹ́ sí, ló ṣe é, ọdún 2018 ló jáde, ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìpolówó ọjà kankan nínú ẹ̀. Mo máa sọ ibi tó ti dáa, mo máa sọ ibi tí agbára ẹ̀ mọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo lò ṣáájú ẹ̀, mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Àpótí ìkọ́ni kan ni, ó wuyì lójú gan-an, páálí ńláńlá tí wọ́n ya béárì funfun sí lórí yìnyín, tí wọ́n ya erin sí, fídíò wà nínú ẹ̀, ìbéèrè àti ìdáhùn wà, owó tá a san lé e lórí ò sì kéré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi kọ́ wọn. Nígbà tó parí mo ní kí kálukú kọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ sílẹ̀, ọmọ kan wá kọ ọ́ pé gbogbo ẹranko ló máa tán, kò sí nǹkan tí òun lè ṣe sí i. Ó dùn mí wọra. Mo ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, mo wá rí i pé ọmọ yẹn gbọ́ ẹ̀kọ́ mi dáadáa, ohun tá a kọ́ ọ gan-an ló kọ sílẹ̀: pé ibi tó jìn ni ẹranko wà, pé àwọn àgbà kan níbì kan ló ń bà á jẹ́, pé àwọn àgbà míì ló máa tún un ṣe, pé tìẹ ni kó o máa wòran. Ọjọ́ yẹn ni mo kó àpótí yẹn sókè kọ́bọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ló ṣì wà.

Ó dáa, Seek. Ẹ máa ṣí kámẹ́rà inú ẹ̀, ẹ nà án sí ewé, sí kòkòrò, sí ẹyẹ, sí olú, kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò rárá ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó rò pé òun ń rí. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé kì í fò lu orúkọ. Àwọn àmì rogodo kéékèèké kan wà lójú ẹ̀ tó máa ń kún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á kọ́kọ́ ní ẹranko ni, á ní àwọn tẹ́sẹ̀ wọn ní oríkèé-oríkèé ni, á ní kòkòrò ni, á ní ọ̀wọ́ labalábá ni, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi kan orúkọ gan-an tó bá lè dé ibẹ̀. Ọdún mélòó ni mo ti ń ya ìsọ̀rí-ìsọ̀rí yẹn sójú pátákó tí àwọn ọmọ ń sùn! Ètò orúkọ alápá méjì yẹn, tí Carl Linnaeus lò fún ewéko ní 1753 tó sì lò fún ẹranko ní 1758, ìgbà tó wá ń ṣẹlẹ̀ lójú fóònù níwájú wọn ni wọ́n tó rí i pé ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá ti dáúnlóòdù ẹ̀ tán, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti dá nǹkan mọ̀, èyí ṣe pàtàkì gan-an torí ibi tí ẹranko pọ̀ sí kì í sábà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tá a jáde, ẹ̀yìn kíláàsì lásán la lọ, ibi tí koríko díẹ̀ wà àti ògiri kan tó ti ń hu èéhù. Mo pín wọn mẹ́rin-mẹ́rin sí fóònù kọ̀ọ̀kan. Láàárín ìṣẹ́jú ogójì wọ́n ti rí èèrà lóríṣiríṣi, lámilámi, ìgbín kékeré kan tí mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àti ewéko tí a ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ọdún tá a ti wà nílé-ìwé yẹn. Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé bó bá ti rí aláǹtakùn, bàtà ni. Ó rí èyí kékeré onírun kan lára ògiri, irú tó máa ń fò, ó na fóònù sí i, aláǹtakùn yẹn wá yí padà, ó kọjú sí kámẹ́rà gangan, torí ojú mẹ́jọ ni irú wọn ní, méjì tó wà níwájú sì tóbi, ó máa ń wo nǹkan tó bá súnmọ́ ọn. Ọmọ yẹn ò mira. Àmì yẹn kún, ó kún, ó dé orí ìdílé Salticidae, ó dúró. Ó pè mí, ó ní, "Mà, kí ló dé tí ò fẹ́ sọ orúkọ ẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn nìkan tó mí láti fi kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo sọ fún un pé ó lè jẹ́ pé fọ́tò ò mọ́lẹ̀ tó, ó sì lè jẹ́ pé àwọn tó jọra wọn pọ̀ débi pé fọ́tò ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọdún 2022 ni iye irú aláǹtakùn tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ káàkiri ayé pé 50,000, èyí tó pé e sí iye yẹn, inú ìdílé àwọn tó ń fò yìí kan náà ló ti wá. Tí mo bá sọ ìyẹn nínú kíláàsì láìjáde, nọ́ńbà lásán ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọ̀kan nínú wọn wojú ara wọn, ó mọ ohun tí 50,000 túmọ̀ sí. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi páálí gbé aláǹtakùn kúrò lójú ọ̀nà kí wọ́n tó gbálẹ̀ kíláàsì. Mi ò sọ fún un o, mi ò sì yìn ín lójú gbogbo èèyàn kó má baà di pé torí ìyìn ló ṣe ń ṣe é.

Bí áàpù yìí ṣe máa ń dúró síbi tí ò bá dá a lójú, òun ni mo fi gbé e ga ju èyí tí mo dán wò ṣáájú lọ. Ìyẹn náà mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Tìẹ̀ ni pé ohunkóhun tó o bá nà án sí, ó gbọ́dọ̀ fún ẹ ní orúkọ kan pàtó, ó pe ẹ̀ka igi gbígbẹ ní kòkòrò, ó sì fún un lórúkọ tó gùn gbọọrọ. Àgbà lè rẹ́rìn-ín kó kọjá, ọmọdé máa kọ ọ́ sínú ìwé pé òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n mímọ orúkọ nìkan kì í ṣe ìdáàbòbò, ibi tí iṣẹ́ tíṣà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ má sì retí pé áàpù máa bá yín ṣe é. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé tá a bá ti padà sínú kíláàsì, a máa ń gbé orúkọ sáyẹ́ǹsì tá a rí lọ sórí Red List ti IUCN, àjọ tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá lágbàáyé, àkójọ tó ti wà láti 1964, tó ń sọ ẹ̀dá tó wà nínú ewu àparun àti èyí tí kò sí. Ó ti lé ní 170,000 irú ẹ̀dá tí wọ́n ti yẹ̀ wò, ó sì lé ní 48,000 nínú wọn tó wà nínú ewu. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ọmọ rí lẹ́yìn kíláàsì ló jẹ́ pé kò tíì sí ewu fún un, ṣùgbọ́n èyí tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò yẹn ò sí nínú àkójọ yẹn rárá, kò tíì sẹ́ni tó yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n rò pé àwọn àgbà ti mọ gbogbo ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ní láti rí ojú wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ìtàn igún fún wọn, mo sì máa sọ ọ́ fún yín náà torí òun gan-an ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ọmọ mọ̀. Ní Íńdíà, onímọ̀ ẹyẹ kan wà tó ń jẹ́ Vibhu Prakash, ó ti ka igún ní ọgbà Keoladeo tó wà ní Bharatpur láwọn ọdún 1980, nígbà tó tún padà kà wọ́n láwọn ọdún 1990, iye tó mọ̀ kọ́ ló bá mọ́, ìtẹ́ ń ṣófo, òkú igún ń bẹ. Àwọn kan rò pé àrùn ni. Ọdún 2004 ni ìwádìí tó jáde pé oògùn ìrora kan ni, diclofenac, tí wọ́n ń fún màlúù, tí màlúù yẹn bá kú tí igún sì jẹ òkú ẹ̀, kíndìnrín igún á bàjẹ́. Nígbà tó fi máa di 2007, irú igún kan tí ìbàdí ẹ̀ funfun ti dín ju 99 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní 2006 ni Íńdíà, Nepal àti Pakistan fòfin de oògùn yẹn fún ẹran ọ̀sìn, oògùn míì tó ń jẹ́ meloxicam, tí kì í pa igún, wá rọ́pò ẹ̀. Mo bi kíláàsì pé, ta ló gba àwọn igún tó ṣẹ́kù là? Àwọn kan ní dókítà ẹranko, àwọn kan ní ìjọba, ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní, "Ẹni tó ń kà wọ́n ni, mà. Tí ò bá kà wọ́n tẹ́lẹ̀, ṣé ó máa mọ̀ pé wọ́n ti dín?"

Ìdí tí mo fi ń lo Seek nìyẹn, òun gan-an ni. Ọmọ tó bá ń ka ohun tó wà lẹ́yìn kíláàsì ẹ̀, tó ń kọ déètì sí i, iṣẹ́ tí ọkùnrin yẹn ṣe lòun náà ń ṣe, kì í ṣe eré.

Kí wọ́n má baà rò pé ìròyìn burúkú nìkan ló ń jáde látinú kíkà, mo fi ti ìjàpá òkun aláwọ̀ ewé hàn wọ́n. Ní oṣù kẹwàá 2025, IUCN gbé e kúrò ní ipò ewu, ó fò dé ipò tí kò léwu, iye wọn káàkiri ayé ti lé sí i ní nǹkan bíi 28 nínú ọgọ́rùn-ún láti àwọn ọdún 1970. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹyin wọn létí òkun, àwọn tó dín bí a ṣe ń pa wọ́n kù, àwọ̀n apẹja tí wọ́n ṣe ihò àbájáde sí kí ìjàpá lè bọ́, gbogbo ẹ̀ ló pawọ́ pọ̀. Kì í ṣe gbogbo ibi ló ti bọ́ nínú ewu o, mo sọ ìyẹn fún wọn náà, mi ò kì í parọ́ ìrètí fún ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ààbò àwọn ọmọ, torí mo mọ̀ pé àwọn òbí máa béèrè. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí àkáǹtì kẹ́ ẹ tó lo Seek, kì í sì í kó ìsọfúnni ẹni tó ń lò ó jọ. Ó máa ń tọrọ àyè láti mọ ibi tẹ́ ẹ wà kó lè mọ ohun tó sábà máa ń wà lágbègbè yẹn, ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ gan-an kọ́ ló ń tọ́jú, àyàfi tẹ́ ẹ bá fi àkáǹtì iNaturalist wọlé tẹ́ ẹ sì fi ohun tẹ́ ẹ rí ránṣẹ́. Ìyẹn ló fà á tí mo fi fún àwọn ọmọ ní Seek, tí iNaturalist fúnra ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ èmi nìkan, ọmọ tí ò tíì pé ọdún 13 kì í dá ṣí àkáǹtì níbẹ̀.

iNaturalist yìí ni ẹ̀gbọ́n Seek. Iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní yunifásítì California ní Berkeley ló bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí, ní 2008, láti 2023 ló sì ti di àjọ tó dá dúró. Ohun tí àwọn èèyàn ti fi ránṣẹ́ síbẹ̀ ti lé ní igba mílíọ̀nù. Tí kíláàsì bá rí nǹkan tó dáa, èmi ni mo ń fi ránṣẹ́, àwọn èèyàn tá ò mọ̀ rí á wá sọ ohun tí wọ́n rò pé ó jẹ́, tó bá jẹ́ pé ohun tó jù ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn fẹnu kò lé orúkọ kan lórí, á di èyí tí àwọn onímọ̀ lè lò fún ìwádìí, á sì bọ́ sínú GBIF, ibi tí wọ́n kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ sí lágbàáyé. Lọ́jọ́ tí ti lámilámi wa di bẹ́ẹ̀, ariwo tí wọ́n pa, kíláàsì kejì wá wò wá.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí mo fi kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Tí ẹ̀dá tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ bá jẹ́ èyí tó wà nínú ewu, iNaturalist máa ń fi ojú ibi tẹ́ ẹ ti rí i pamọ́ fúnra ẹ̀, á wá fi àmì sí ibòmíì nínú àgbègbè ńlá kan tó lè fẹ̀ tó kìlómítà 22. Wọ́n béèrè ìdí ẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ akika fún wọn, pé irú mẹ́jọ ni wọ́n jẹ́ láyé, pé torí ìpẹ́ àti ẹran wọn ni wọ́n ṣe ń dẹ wọ́n títí gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES fi fòfin de òwò àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lágbàáyé ní 2016, mo ní ẹni tó fẹ́ pa á náà mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò. Kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀kan wá ní a jẹ́ pé fọ́tò tí èèyàn gbé sórí Facebook lè pa ẹranko. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi.

Ibi tí agbára Seek mọ: ẹyẹ tó bá wà lókè réré, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, fóònù lásán ò lè fà á súnmọ́ tó, fún ẹyẹ, ìwé àti ojú àti etí ṣì dáa jù. Ohun tó bá ń sáré náà nìyẹn. Àmì-ẹ̀yẹ wà nínú ẹ̀ tó máa ń fún ẹni tó bá rí oríṣiríṣi, ó máa ń mú orí àwọn ọmọ yá, ṣùgbọ́n tíṣà gbọ́dọ̀ lajú sílẹ̀ kó má baà di pé wọ́n ń já ewé, wọ́n ń ṣí òkúta tí wọn ò dá a padà, torí àmì. Òfin tiwa ni pé òkúta tó o bá ṣí, bo o ṣe bá a ni kó o ṣe fi í sílẹ̀, ilé ẹnìkan ni. Olú ńkọ́? Kò sí áàpù kankan tí ẹ gbọ́dọ̀ fi pinnu pé olú ṣeé jẹ, kò sí, mo tún un sọ, kò sí.

Èyí tó ga jù ni pé Seek ò ní sọ fún ọmọ pé kí ló kàn láti ṣe. Fún ìyẹn, ẹ lọ wo ètò Roots & Shoots tí Jane Goodall, gbajúmọ̀ onímọ̀ nípa ìnàkí, dá sílẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá ní Tanzania ní 1991. Ìyá yìí ti dolóògbé ní October 2025, ètò ẹ̀ ń bá a lọ. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí àwọn ọmọ bá fẹ́ ṣe, kí wọ́n ronú nípa èèyàn, ẹranko àti àyíká pa pọ̀, kí àwọn ọmọ fúnra wọn sì yan iṣẹ́ náà. Tiwa, wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé pé kí wọ́n má gé koríko apá kan lẹ́yìn kíláàsì mọ́, wọ́n kó ohun tí wọ́n ti kà síbẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀gá gbà. Ní sáà kejì labalábá tí wọ́n kà níbẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Inú mi dùn, mo ti ń pàtẹ́wọ́, àfi bí ọmọ alaláǹtakùn yẹn ṣe ní ká mú sùúrù, pé ojú ọjọ́ ti yí padà láàárín sáà méjèèjì, pé ó yẹ ká ka apá tí wọ́n ń gé náà ká tó sọ pé koríko ló fà á. Ó tọ̀nà. Ibẹ̀ la wà báyìí, apá méjèèjì là ń kà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún Seek. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń wá ohun tẹ́ ẹ máa tẹ̀ sílẹ̀ kó máa kọ́ ọmọ fúnra ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ jókòó sídìí iṣẹ́ míì, kì í ṣe èyí, ẹ ò ní gbádùn ẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá máa bá wọn jáde, tẹ́ ẹ ṣe tán láti sọ pé "èmi náà ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká wò ó", ẹ dáúnlóòdù ẹ̀ nílé kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ gba iná sí fóònù dáadáa torí kámẹ́rà yẹn máa ń jẹ bátìrì, ẹ mú ìwé kékeré dání kí wọ́n máa kọ orúkọ tí èdè wa ń pe nǹkan náà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ sáyẹ́ǹsì, tiwa ti fẹ́ kún báyìí.

Sáà tó ń bọ̀ a fẹ́ wo ti alẹ́, àwọn òbí díẹ̀ ti gbà láti bá wa dúró: aṣọ funfun kan lórí okùn, iná kan níwájú ẹ̀, ká wo àwọn tó máa wá bà lé e.